Àpárèlì tí Baba Fi Irin Ẹ̀rọ Ìhunṣọ Ṣe

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Baba kí n tó rí Baba fúnra wọn. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Mo wà nídìí tábìlì mi nínú yàrá iṣẹ́ wa ní ilé ìwòsàn, mò ń gé awọ tí mo fẹ́ fi ṣe okùn bàtà ọmọ kan, ni mo gbọ́ tí irin ń dún lórí símẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀: kẹ́, sáà, kẹ́, sáà. Ìró náà lọ déédéé bí ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu kì í sábà rìn déédéé bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó, ṣùgbọ́n n kò tíì pé ọdún kan tí mo ti dé láti Lomé níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, gbogbo ohun tí mo bá sì rí nígbà náà, ó máa ń dà bí ẹni pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe ohun tí ń gbé ẹsẹ̀ ró. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá wó, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yí sínú, àgbàlagbà tí àìsàn ti pa ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn dókítà ń darí wọn sí. Màá yẹ̀ wọ́n wò, màá wọn ẹsẹ̀ náà, màá kọ irú èyí tó bá yẹ wọ́n sínú ìwé, lẹ́yìn náà màá fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Àpárèlì ni gbogbo Bouaké, ìlú wa ní Ivory Coast, ń pè é, ìbáà jẹ́ àwọn Baoulé, ìbáà jẹ́ àwọn tó ń sọ Dioula, ìbáà jẹ́ àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago. Ìyá mi tó ń ta abọ́ lọ́jà kò tíì mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ọmọ mi ń ṣe bàtà fún wọn ní ọsibítù." Mo ti tún un ṣe títí, ó ti sú mi.

Ọmọbìnrin Baba ló mú wọn wá. Tíṣà ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Baba fúnra wọn yóò tó ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n wọ jalabíà funfun tó mọ́ tónítóní, wọ́n sì dé fìlà rẹ̀ sí i. Faransé ni tíṣà fi kí mi. Ṣùgbọ́n bí Baba ti ka orúkọ mi lára aṣọ iṣẹ́ mi, ojú wọn là.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba." Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí máa yé wa dáadáa."

Tíṣà ló sọ ohun tó gbé wọn wá. Baba ń bọ́ sílẹ̀ nínú takisí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni awọ tó so àpárèlì wọn mọ́ ojúgun já, ni wọ́n bá ṣubú. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dìde ni wọ́n rí i pé irin náà ti họ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wọn di egbò, Baba kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi bọ́ irin yẹn lẹ́sẹ̀ wọn," ló wí. "Ẹ fún wọn ní ti ayé òde òní."

Baba ká etí jalabíà sókè. N kò rí irú rẹ̀ rí. Irin pẹlẹbẹ méjì gùn láti abẹ́ orúnkún dé gìgísẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Awọ dúdú tó nípọn, tó ti gbó, ló yí ẹsẹ̀ ká. Níbi ọrùn ẹsẹ̀, oríkèé irin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti sípíríǹgì kékeré kan tó fa iwájú bàtà sókè. Wọ́n fi ọ̀rá pa gbogbo rẹ̀, ó ń dán.

"Ta ló ṣe èyí fún yín?"

"Èmi náà ni."

Wọ́n wá sọ ìtàn rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú wọn nígbà tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kí bàbá wọn tó gbé wọn pọ̀n wá sí Bouaké. Iṣan tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè kú, ẹsẹ̀ wá ń wọ́ nílẹ̀. Bí wọ́n ti dàgbà, wọ́n rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní Gonfreville, kí wọ́n máa gbá ìdọ̀tí òwú lábẹ́ ẹ̀rọ. Níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ, wọ́n á sọ pé ti ìlà kẹta yìí máa dákẹ́ lọ́la, á sì dákẹ́. Ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Irin àti awọ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn yìí, ara ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Lákòókò ìsinmi ọ̀sán ni wọ́n fi ṣe é, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Mo gbọ́ gbogbo èyí pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Inú mi dùn sí Baba. Ṣùgbọ́n ojú egbò ni mo ń wò, àti bí irin náà ṣe wúwo tó nígbà tí mo gbé e lọ́wọ́, mo sì ti parí ìdájọ́ mi. Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, mo yẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan wò. Mo ní kí wọ́n fi orúnkún tì mí lọ́wọ́, wọ́n fi gbogbo agbára wọn tì mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdí jókòó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé orúnkún le. Mo kọ ohun tí wọ́n nílò sí abẹ́ rẹ̀: àpárèlì oníke, tí kò wúwo, tí yóò wọ inú bàtà, tí yóò sì mú ọrùn ẹsẹ̀ dúró gbagidi.

Baba wo àwòrán tí mo yà.

"Níbo ni yóò ti máa tẹ̀?"

"Kò ní tẹ̀, Baba. Ìyẹn gan-an ni yóò gbé ẹsẹ̀ yín sókè."

"Kò ní tẹ̀ rárá?"

"Rárá, sà."

Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wò mí. "Ìwọ lo kàwé rẹ̀," ni wọ́n wí.

A tọ́jú egbò náà kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó jiná, mo fi báńdéèjì tó kún fún ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán, yí ẹsẹ̀ Baba ká. Ó le, mo gé e bọ́, mo sì da ẹfun tútù sínú rẹ̀. Bí ó ti gbẹ, ẹsẹ̀ Baba wà lórí tábìlì mi, ó funfun, ó pé pérépéré, títí kan eegun kókósẹ̀ tó yọ síta. Mo họ ọ́, mo dán an. Mo ti ike líle bọ inú ààrò iná, mo fà á lé e lórí nígbà tó rọ̀, mo sì gé etí rẹ̀. Mo fẹ́ràn apá iṣẹ́ yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo ṣe fún Baba lọ́jọ́ náà dára. Títí dòní, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ara rẹ̀ bá ẹsẹ̀ mu débi pé irun ojúgun kò ní rí ibi gbà láàárín wọn.

Baba wọ̀ ọ́, wọ́n rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìró irin kò sí mọ́. Omi bọ́ lójú tíṣà. Ọ̀gá mi, ọkùnrin Baoulé kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó mi orí, ó sì wọlé padà. Mo gba àpárèlì àtijọ́ lọ́wọ́ Baba, mo ní màá bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yìn yàrá iṣẹ́ ni mo gbé e lọ, sínú àpótí tí a ń kó pàǹtí irin sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló yẹ kí Baba padà wá kí n yẹ̀ wọ́n wò. Wọn kò wá. Mo ránṣẹ́ pe tíṣà lórí fóònù, ó ní ara Baba le, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe ìdánwò ni kò jẹ́ kí òun ráyè mú wọn wá. Ọ̀sẹ̀ kan tún kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, mo gun ọ̀kadà lọ sí Sokoura, àdúgbò Baba, fúnra mi.

Àgbàlá ilé wọn wà lórí òkè díẹ̀, ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ni ó sọ̀kalẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn wọn dé ojú títì, mọ́ṣáláṣí sì wà ní ìsàlẹ̀. Mo bá Baba lórí àga, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Àpárèlì mi wà lórí ìṣó lára ògiri, ó mọ́, kò ní eruku kankan. Ẹsẹ̀ wọn lásán ló wà nínú sálúbàtà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti bó.

Inú bí mi. N kò lè purọ́. "Baba, kí ló dé? Ẹ ò wọ̀ ọ́?"

"O kúure, ọmọ mi. Jókòó ná."

"Baba, mo ṣiṣẹ́ lórí nǹkan yìí fún ọjọ́ mẹ́rin."

"Mo mọ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Mo ti yí i wò kúnnákúnná." Wọ́n na ọwọ́ sí i, mo gbé e fún wọn. "Ẹni tó gé etí rẹ̀ yìí mọ iṣẹ́. Dìde, kí o wò mí."

Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n di okùn rẹ̀, wọ́n sì rìn yí àgbàlá ká. Dáadáa ni wọ́n rìn. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sórí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Bí gìgísẹ̀ wọn ti kan ilẹ̀, orúnkún wọn ta síwájú lójijì, bí ẹni tí wọ́n fi igi gbá lẹ́yìn itan. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ tí wọ́n fi di ilẹ̀kùn mú ni, wọn ì bá ti lulẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣubú níbí," ni wọ́n wí. "Ìkejì, lójú àwọn tó ń bọ̀ láti kírun."

Ohun tí mo rí yé mi lójú ẹsẹ̀, nítorí ó wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa. Tí gìgísẹ̀ bá kan ilẹ̀, ó yẹ kí iwájú ẹsẹ̀ rọra wá sílẹ̀. Ike mi kò jẹ́ kó wá. Ẹsẹ̀ àti ojúgun wá di igi kan ṣoṣo, ni igi náà bá ń ti orúnkún síwájú, ní orí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ pàápàá. Orúnkún tó le gan-an lè dúró dè é. Ti Baba kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ni wọ́n fi tì mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbéraga ni èmi náà fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Sípíríǹgì inú àpárèlì àtijọ́ yẹn ni ó ń ṣe ohun tó yẹ. Ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fà á sókè padà.

"Baba, kí ló dé tí ẹ ò padà wá bá mi?"

Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n gbé e kọ́ padà sórí ìṣó. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ bá ọ wí nítorí mi. Mo ní màá ní sùúrù, bóyá ẹsẹ̀ mi á kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó o bá lè bá mi gbé ti àtijọ́ yẹn bọ̀, màá kàn pààrọ̀ awọ rẹ̀."

Mo gun ọ̀kadà padà lọ́sàn-án yẹn kan náà. Àpótí pàǹtí ti ṣófo. Àwọn tó ń ra irin ti wá kó o ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, èmi gan-an ni mo sì ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ kí àyè lè wà fún àwọn ike tuntun tó dé. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ń kó irin jọ sí nítòsí ọjà. Òkè irin ni mo bá níbẹ̀, wọ́n sì ti fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ sí Abidjan.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, kò jágbe mọ́ mi.

"O ti sọ fún bàbá náà?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Lọ sọ fún un kí o tó padà wá bá mi."

Ọ̀nà Sokoura kò gùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Baba, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò wá àwáwí. Tíṣà tó jókòó nítòsí sọ ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń wò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí òun ló ní kí n bọ́ ọ.

"Awọ yẹn," ni Baba wí nígbà tó yá, "ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi gé e. Ó ti kú." Wọ́n gbá ẹ̀wà inú àwo jọ sí ojú kan. "Dìde nílẹ̀. Ọjọ́ wo ni ọwọ́ rẹ máa ń dilẹ̀ níbi iṣẹ́?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dá. Wọ́n fi ọ̀pá dé láàárọ̀, wọ́n mú irinṣẹ́ kékeré kan àti bébà tí wọ́n ti ya àwòrán sí. Ọ̀gá mi fún wọn ní àga àti apá kan tábìlì rẹ̀ tí kò gbà fún èmi rí. Ohun tí a gbà láti ṣe ni pé kí a lo ara ike mi, nítorí kò ní họ wọ́n lẹ́gbò, ṣùgbọ́n kí a gé e sí méjì níbi ọrùn ẹsẹ̀, kí Baba fi oríkèé tiwọn so ó pọ̀.

Nígbà tí ó di pé kí n gé e, ọwọ́ mi kọ̀.

"Gé e," ni Baba wí. "Ojú ọ̀nà yìí gan-an. Má wò ó mọ́."

Mo gé e.

Oríkèé àkọ́kọ́ dára, sípíríǹgì ni kò gbọ́ràn. Èyí tí mo rí nínú àpótí wa le jù. Bí Baba bá gbé ẹsẹ̀, bàtà á ta sókè bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ di ògiri mú. A dán òmíràn wò, ìyẹn rọ̀ jù, ìka ẹsẹ̀ tún ń wọ́ nílẹ̀. Baba jókòó, wọ́n fi ìka tẹ sípíríǹgì méjèèjì wò, wọ́n pa ojú dé.

"Ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀kadà ṣe wo ló súnmọ́ ibí?"

A jọ lọ, èmi àti Baba, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Ìdí bíréèkì ẹsẹ̀ ọ̀kadà ni wọ́n nawọ́ sí, sípíríǹgì tó ń dá bíréèkì padà sókè lẹ́yìn tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sọ Dioula fún mẹkáníìkì náà, ó da oríṣiríṣi rẹ̀ sórí àpò, Baba sì ń fi ìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀karùn-ún ni wọ́n mú.

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò jẹ́ kí wọ́n rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn níbi tí ilẹ̀ ti dà lọ síbi kòtò omi, òkúta àti koríko ló kún ibẹ̀. Mo dúró níwájú wọn, mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ. Gìgísẹ̀ kan ilẹ̀. Iwájú ẹsẹ̀ rọra wá sílẹ̀. Orúnkún dúró. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kejì, wọ́n tún gbé ti àkọ́kọ́.

"Kúrò lọ́nà," ni Baba wí fún mi.

Mo kúrò. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé etí kòtò, wọ́n yí padà, wọ́n gòkè, wọ́n sì tún sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kì í kọ àpárèlì kankan sínú ìwé láì kọ́kọ́ béèrè bí ilẹ̀ ilé ẹni náà ṣe rí, ohun tó ń ṣe jẹun, àti bó ṣe ń jókòó kírun tàbí jẹun. Mo tún fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń dán gbogbo wọn wò, òjò ìbáà rọ̀. Mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì ń sọ ọ́ láì fi nǹkan bò. Àwọn tí mo wọ àpárèlì fún ń rìn.

Ṣùgbọ́n ẹ má béèrè ẹni tó ṣe ti Baba lọ́wọ́ Baba. Mo lọ kí wọn nígbà ọdún Iléyá, wọ́n jókòó láàárín àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ká jalabíà sókè, wọ́n ń fi oríkèé náà hàn wọ́n. "Èmi ni mo ṣe é," ni wọ́n ń wí. "Àwọn ọsibítù ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀." Mo wò wọ́n. Wọn kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó dùn mí títí mo fi jẹ ẹran tí tíṣà gbé fún mi tán, nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan wá láti Brobo. Àgbẹ̀ oníṣu ni, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ní ìdí nígbà kan ló ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Kò mú ìwé dókítà kankan lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo inú yàrá iṣẹ́ kiri.

"Mò ń wá bàbá Anago tó ń ṣe àpárèlì," ló wí ní Faransé. "Wọ́n ní ibí ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó sọ fún ọkọ mi lọ́jà pé tí mi ò bá bá òun, kí n béèrè ọmọbìnrin kan tó máa ń bá òun di irin mú."

Ọ̀gá mi tẹ orí ba lórí tábìlì rẹ̀, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Èmi ni ọmọbìnrin náà," ni mo wí. "Ẹ wọlé, Màmá. Báwo ni ẹ ṣe ń kọ ebè yín, ṣé ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ ni àbí ẹ máa ń kúnlẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín yàrá, ó di ọkọ́ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń fi hàn mí. Mo fa ìwé àti kálámù súnmọ́ ọ̀dọ̀ mi.